Okùn Mẹ́rìnlélógún àti Ológbò Kẹrin

Ìtàn kan ló fò fẹ̀rẹ̀, kò bà lórí igi, kò bà lórí òrùlé, ojú fèrèsé ṣọ́ọ̀bù aránṣọ kan ló bà sí, níbi tí ológbò mẹ́ta ti ń yá oòrùn. Àbí mẹ́rin ni wọ́n? Ẹ jẹ́ ká rọra kà wọ́n, torí obìnrin tó ni wọ́n gan-an kà wọ́n títí, orí fẹ́rẹ̀ẹ́ yí i.

Obìnrin náà ti di ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin. Aṣọ ló ń rán, ó sì ti ń rán an láti ìgbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tíì tólẹ̀ dáadáa lábẹ́ ẹ̀rọ. Yàrá iwájú ilé rẹ̀ ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀: ẹ̀rọ ìránṣọ kan, tábìlì gígùn kan tó fi ń gé aṣọ, dígí kan tó ti sán ní igun, àti kọ́tìnì kan tí àwọn oníbàárà ń bọ́ sẹ́yìn rẹ̀ láti wọ aṣọ wò. Ìyá Àwárí ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Wọ́n ní àwárí lobìnrin ń wá nǹkan ọbẹ̀, ti obìnrin yìí kò sì mọ sórí ọbẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ tó sọ nù, òun ni yóò rí i. Awò ojú tó pòórá, ẹ lọ pè é wá. Nígbà tí eyín àtọwọ́dá ìyàwó onílé sọ nù, tí gbogbo ilé ń wo ara wọn bí olè, Ìyá Àwárí jókòó, ó béèrè ìbéèrè mẹ́ta péré, ó dìde, ó lọ síbi tí wọ́n sá tìmùtìmù sí, ó ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀, ó fa eyín yọ. Wọ́n ní báwo ló ṣe mọ̀. Ó ní ológbò òun ló sọ fún òun. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín.

Àwọn ológbò náà nìyí. Baálé ni àgbà, ó dúdú bí ìdí ìkòkò, kì í fò bí kò bá nídìí. Ẹlẹ́jọ́ ni ìkejì, alábàwọ́n ni, ẹjọ́ ló ń rò láti àárọ̀ dalẹ́: ẹjọ́ oúnjẹ, ẹjọ́ ilẹ̀kùn tí wọ́n tì, ẹjọ́ ilẹ̀kùn tí wọn ò tì. Ìkẹta jẹ́ aláwọ̀ eérú, Má-jìí-mi lorúkọ rẹ̀, orúkọ náà sì ti sọ gbogbo ìwà rẹ̀ tán.

Lára ògiri ṣọ́ọ̀bù, láti ẹnu ọ̀nà títí dé etí fèrèsé, ìṣó mẹ́rìnlélógún ló tò lọ, okùn òwú funfun kan sì rọ̀ lórí ìṣó kọ̀ọ̀kan. Okùn kan, oníbàárà kan. Bí ẹnì kan bá wá rán aṣọ, Ìyá Àwárí a na okùn sí i lára. A ta kókó kìíní síbi tí èjìká parí sí, a ta ìkejì fún apá, ìkẹta fún àyà, ìkẹrin fún ìbàdí, a sì gé okùn náà síbi tí aṣọ yóò balẹ̀ dé. Lẹ́yìn náà a fi kọ́ sórí ìṣó olúwarẹ̀. Ìṣó ni orúkọ. Awakọ̀ tó ní mọ́tò akẹ́rù lódìkejì títì ló ni ìṣó ẹnu ọ̀nà, torí pé kì í jókòó, ìdúró ló fi ń bá èèyàn sọ̀rọ̀. Ẹlẹ́ja, ọ̀rẹ́ Ìyá Àwárí láti ìgbà èwe, ló ni ìṣó etí fèrèsé, torí pé bó ti wù kó wẹ̀ tó, òórùn ẹja kò kúrò lára rẹ̀, òórùn náà a sì bá okùn lọ. Afẹ́fẹ́ ni irú okùn bẹ́ẹ̀ ń fẹ́. Tíṣà, ọkùnrin gíga, tín-ínrín, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, ló wà láàárín gbùngbùn, torí pé òun kì í bá ẹnikẹ́ni dá sí ọ̀tún tàbí òsì.

"Ojú a máa purọ́," ni ìyá arúgbó tó kọ́ Ìyá Àwárí níṣẹ́ máa ń wí, "ṣùgbọ́n okùn kì í purọ́." Ọ̀rọ̀ yẹn ló fi ń gé aṣọ láti ọjọ́ yẹn. Bí ojú rẹ̀ bá ń sọ̀rọ̀ nígbà tó ń gé aṣọ, a ní kó panu mọ́.

Ìwé ńlá kan wà lórí tábìlì pẹ̀lú o. Bó bá ti ń wọn èèyàn lọ́wọ́, a ṣí ìwé náà, a fi pẹ́ńsù fa nǹkan sí i, a mi orí bí akọ̀wé. Fún ojú ayé ni. Ìyá Àwárí kò mọ̀wé. Kò mọ "A" yàtọ̀ sí àga. Ẹnì kan ṣoṣo tó mọ̀ ni Tíṣà, torí òun ló ń ka lẹ́tà fún un, òun ló sì ń bá a kọ èsì. Ọmọ tó fi inú rẹ̀ bí kò mọ̀.

Ọmọ kan ṣoṣo ni, obìnrin. Ilé ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ló gbé lọ sílé ìwé láti kékeré. Bó bá wá kí ìyá rẹ̀ nígbà ìsinmi, ìyá a gba ìwé iṣẹ́ rẹ̀, a wò ó láti òkè délẹ̀, a mi orí, a ní, "O gbìyànjú. Ṣùgbọ́n tún ojú ìwé kejì wò dáadáa." Ọmọ á tún un wò, á sì bá àṣìṣe níbẹ̀ lóòótọ́. Ta ni ìbá fura?

Ọmọ yẹn ti di nọ́ọ̀sì, ó ti lé ní ogójì ọdún, ó sì ti gba ìsinmi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta wá sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Ọmọ dáadáa ni. Àbùkù rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: kò lè rí nǹkan méjì kó má tò wọ́n. Kó tó di ọjọ́ kejì, ó ti to abọ́ láti orí kékeré dórí ńlá. Ó to garawa bẹ́ẹ̀, ó to bàtà bẹ́ẹ̀, kódà ó to abọ́ àwọn ológbò: ti Má-jìí-mi kékeré síwájú, ti Baálé ńlá sẹ́yìn. Baálé wò ó, ó yíjú sí ògiri. Àràárọ̀ ni nọ́ọ̀sì máa ń jí ṣáájú ìyá rẹ̀, tí yóò gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, tí yóò nu tábìlì, tí kò ní jẹ́ kí ìyá rẹ̀ fọwọ́ kan ìgbálẹ̀. Ìyá ń dúpẹ́. Kò mọ ohun tó ń dúpẹ́ sí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kángun sí ìparí ìsinmi náà ni Awakọ̀ wọlé láìkan ilẹ̀kùn.

"Ìyá Àwárí, ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé èmi ni mo ṣẹ̀ yín, àbí mọ́tò mi ni?"

Ìyá Àwárí gbójú sókè. Ẹ̀wù tuntun tó rán fún un ló wọ̀. Bọ́tìnnì wà ní ìhà kan, ihò bọ́tìnnì wà ní ìhà kejì, àárín wọn sì tó ibi tí èèyàn lè gbé àga sí. Etí ẹ̀wù náà kò kọjá ìdodo.

"Ìdodo mi ń wo títì, Ìyá. Àwọn oníbàárà mi ń kí i kí wọ́n tó kí mi."

"Ṣé o ti sanra ni?"

"Láàárín ọjọ́ mẹ́sàn-án?"

Ìyá Àwárí dìde. Ó yọ okùn ìṣó ẹnu ọ̀nà, ó nà án sára ẹ̀wù náà. Èjìká bá kókó kìíní mu. Apá bá ìkejì mu. Àyà, ìbàdí, gbogbo rẹ̀ bá a mu régí. Ó wo okùn, ó wo ikùn.

"Okùn ní bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí," ló wí jẹ́jẹ́. "Okùn kì í purọ́."

"Ikùn tèmi náà kì í purọ́ o," ni Awakọ̀ dáhùn. Ó bọ́ ẹ̀wù náà sórí tábìlì, ó wọ ti àtijọ́ tó mú lọ́wọ́ wá, ó jáde.

Kò tíì kọjá títì tí Tíṣà fi dé. Ó na apá méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́, ẹ̀wù tirẹ̀ sì fẹ̀ lára rẹ̀ bí aṣọ tí wọ́n sá sórí igi tẹ́ẹ́rẹ́.

"Ìyá wa, ẹ ṣeun. Ẹ̀wù yìí dára púpọ̀. Èmi àti ta la ó jọ máa wọ̀ ọ́?" Ó bọ́ ọ sórí tábìlì pẹ̀lú ti Awakọ̀.

Nọ́ọ̀sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́tìnì. Ó kàn ń wo ìyá rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń wo aláìsàn tí kò tíì mọ̀ pé ara òun kò yá.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Ìyá Àwárí jí, ó jókòó sẹ́nu ẹ̀rọ, ó ní kí òun dán orí òun wò. Ó ní ẹni tí orí rẹ̀ bá pé, ó yẹ kó lè ka ohun ọ̀sìn rẹ̀. Baálé wà lórí tábìlì, ó ń lá ẹsẹ̀. Ọ̀kan. Ẹlẹ́jọ́ wà lábẹ́ àga, ó ń rojọ́. Méjì. Má-jìí-mi wà nínú apẹ̀rẹ̀ àgékù aṣọ. Mẹ́ta. Ó mí kanlẹ̀. Ó gbójú sí fèrèsé, Baálé wà níbẹ̀.

Ó wo tábìlì. Baálé wà níbẹ̀ náà.

"Ọmọ mi! Ọmọ mi ò! Wá bá mi ka ológbò!"

Nọ́ọ̀sì sáré dé pẹ̀lú ọṣẹ lọ́wọ́. Kó tó wọlé, fèrèsé ti ṣófo, kọ́tìnì rẹ̀ nìkan ló ń mì.

"Mẹ́rin ni wọ́n," ni ìyá wí. "Baálé jẹ́ méjì."

"Mẹ́ta ni wọ́n, Màámi."

"Mo ní mo fojú mi rí i."

Nọ́ọ̀sì nu ọwọ́, ó fa àga, ó jókòó, ó di ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú. Ìyá mọ irú ìdìmú yẹn. Ìdìmú àwọn tí wọ́n fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ tí kò dùn ni.

"Màámi, mo ti ń wò yín láti ọjọ́ yìí. Ọ̀rọ̀ aṣọ, ọ̀rọ̀ ológbò, àti àwọn nǹkan mìíràn tí mi ò sọ. Ìsinmi mi parí lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Ẹ ò lè máa dá wà níbí mọ́. Mo ti bá Awakọ̀ sọ̀rọ̀, mọ́tò rẹ̀ ló máa kó ẹrù yín. Ẹ máa bá mi lọ."

"Ṣọ́ọ̀bù ńkọ́?"

"Ẹ ti rán aṣọ tó, Màámi."

"Àwọn ológbò ńkọ́?"

Nọ́ọ̀sì wo ilẹ̀. "Onílé mi ò gba ẹranko. A ó wá àwọn èèyàn dáadáa tí a máa fún."

Ẹlẹ́jọ́ ké lábẹ́ àga bí ẹni tó gbọ́. Ìyá Àwárí kò ké. Ó kàn jókòó, ọ̀rọ̀ kan sì ń yí nínú rẹ̀ bí òwú nínú ẹ̀rọ: kọ́kọ́rọ́ èèyàn sọ nù, mo bá wọn wá a. Eyín èèyàn sọ nù, mo bá wọn wá a. Bí orí èèyàn bá wá sọ nù, orí wo ló máa fi wá a?

Lọ́jọ́bọ̀, nọ́ọ̀sì lọ ra páálí tí wọ́n máa fi kó ẹrù. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni Ẹlẹ́ja dé, ó ká gọ́ọ̀nù tuntun lọ́wọ́ méjèèjì bí ẹni tó ń sọdá odò. Obìnrin kúkúrú ni, kò tó bí ọmọ ọdún méjìlá, ẹnu rẹ̀ nìkan ló ga.

"Ìwọ obìnrin yìí, ṣé wọ́n ní mo ti gba iṣẹ́ agbálẹ̀ àdúgbò ni? Wo ìdí gọ́ọ̀nù! Láti ilé mi débí ni mo ti ń gbá títì bọ̀."

"Ọ̀rẹ́ mi, fi mí sílẹ̀. Orí mi ti lọ."

"Orí rẹ lọ síbo? Ṣebí òun ni mo ń wò yìí, gèlè sì wà lórí rẹ̀." Bó ṣe ń sọ̀rọ̀ ni ojú rẹ̀ bọ́ sára ẹ̀wù Awakọ̀ tó wà lórí tábìlì. Ẹlẹ́ja kì í rí nǹkan kó má fọwọ́ kàn án. Ó bọ́ gọ́ọ̀nù, ó ki orí bọ ẹ̀wù náà, ó de bọ́tìnnì, ó yí sí dígí.

Ẹ̀wù náà bà lé e bí ẹni pé inú rẹ̀ ni wọ́n bí i sí.

"Yéè! Èyí mà dára lára mi o! Ta ló ni ín? Kó gbàgbé rẹ̀."

Ìyá Àwárí dìde dúró. Ó yí Ẹlẹ́ja ká lẹ́ẹ̀kan, ó yí i ká lẹ́ẹ̀mejì. Èjìká, apá, àyà, kò sí ibi tó fún, kò sí ibi tó dẹ̀. Ó lọ sẹ́nu ọ̀nà, ó pa igbe sí Awakọ̀ lódìkejì, ó ní kó wá wọ ẹ̀wù Tíṣà. Awakọ̀ wọ̀ ọ́, ó de bọ́tìnnì láti òkè délẹ̀, ó fọwọ́ lu ikùn, ó ní, "Ìyá, ẹ ò jẹ́ sọ pé èyí ni tèmi láti ìjẹta!" Wọ́n ránṣẹ́ pe Tíṣà pé kó wá wọ gọ́ọ̀nù Ẹlẹ́ja. Tíṣà ní òun kò ní wọ gọ́ọ̀nù, òun ti kọ́ àwọn ọmọ púpọ̀ ní àdúgbò yìí. Ṣùgbọ́n ó gbà kí wọ́n nà án sí òun lẹ́yìn. Èjìká bá èjìká. Etí gọ́ọ̀nù dúró síbi tó yẹ kí aṣọ ọkùnrin gíga dúró sí.

Ìyá Àwárí sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀.

"Orí tó dàrú kì í mọ ibi tó máa ya sí. Àṣìṣe yìí mọ ọ̀nà. Aṣọ mẹ́ta, èèyàn mẹ́ta, wọ́n kàn pàdánù ara wọn ni. Èmi kọ́ ni mo ṣì í. Okùn ló ti kúrò lórí ìṣó rẹ̀."

Ìgbà náà ló rí Baálé. Ológbò náà jókòó sábẹ́ ìṣó ẹnu ọ̀nà, ó gbójú sókè, irunmú rẹ̀ ń gbọ̀n. Kí ló pa Baálé àti Awakọ̀ pọ̀? Ìyá Àwárí já okùn ìṣó náà, ó gbé e sí imú.

Ẹja.

Nígbà tí àwọn yòókù lọ tán, Tíṣà dúró.

"Ìyá wa, ẹnì kan ń fọwọ́ kan àwọn okùn yín. Ẹ sọ fún ọmọ yín."

"Kí n sọ pé kí ni? Ó máa bi mí pé kí lokùn wà fún nígbà tí ìwé wà. Ṣé kí n wá sọ pé ìyá nọ́ọ̀sì kò mọ̀wé?"

"Ó sàn ju kó rò pé ìyá nọ́ọ̀sì kò mọ iye ológbò tó ní."

Ìyá Àwárí ń yí okùn ẹja náà mọ́ ìka. Ta ló ń wọlé òun? Aránṣọ tó wà ní ìsàlẹ̀ títì ni? Iṣẹ́ tirẹ̀ náà ti pọ̀ ju èyí tó lè rán lọ. Awakọ̀? Ta ni yóò fọwọ́ ara rẹ̀ ṣí ìdodo ara rẹ̀ síta? Bó ṣe ń rò ó ni ọ̀rọ̀ náà ń lọ́ mọ́ra rẹ̀. Ó fi okùn ẹja padà sétí fèrèsé, ó wá ti Awakọ̀ àti ti Tíṣà rí, ó fi wọ́n sáyè wọn. Kó tó wọlé lọ sùn, ó mú ẹfun tí àwọn aránṣọ fi ń fàlà sára aṣọ, ó lọ̀ ọ́ kúnná, ó sì fọ́n ọn sílẹ̀ lábẹ́ ìṣó láti ẹnu ọ̀nà dé fèrèsé.

Kò mọ ìwé kà. Ilẹ̀ ló mọ̀ ọ́n kà.

Ilẹ̀ mọ́. Ìyá Àwárí jáde. Ìgbálẹ̀ ti wà lẹ́nu ọ̀nà, ṣùgbọ́n ẹni tó ni ín kò sí níbẹ̀. Eruku funfun náà ti yà á lẹ́nu, ó ti lọ bu omi tí yóò fi nu ilẹ̀. Ìyá tẹ̀ ba, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà.

Ẹsẹ̀ ológbò kan fò láti ojú fèrèsé wá sílẹ̀. Kì í ṣe ẹsẹ̀ Baálé, torí ọmọ ìka kan kò sí lẹ́sẹ̀ ọ̀tún èyí. Ológbò kẹrin! Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ké. Níbí ló ti fò mọ́ okùn ẹja. Níbí ni okùn ti já bọ́, tí àwọn mìíràn lọ́ mọ́ ọn, tí gbogbo wọn bọ́ lápapọ̀. Níbí ló ti wọ́ wọn nílẹ̀. Títí dé ibẹ̀, ìwé náà dùn ún kà. Lẹ́yìn náà ni sálúbàtà dé.

Sálúbàtà obìnrin, onílà wínníwínní. Ó wá láti inú ilé, ó dúró, ó lọ, ó bọ̀, ó tún dúró lábẹ́ ìṣó kọ̀ọ̀kan. Ìyá Àwárí mọ̀ ọ́n. Ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀ ni.

Ọmọ mi? Ṣé òun ló ń da okùn mi rú kí n lè gbà pé orí mi ti dàrú? Kí n lè tẹ̀lé e lọ? Ó di ògiri mú. Bó ṣe dì í mú ló wá gbójú sókè wo àwọn okùn náà. Wọ́n tún ti kúrò láyè wọn. Èyí tó kúrú jù wà lẹ́nu ọ̀nà, èyí tó gùn díẹ̀ tẹ̀lé e, wọ́n ń gùn lọ díẹ̀díẹ̀ títí dé fèrèsé, wọ́n tò gún régé. Bí abọ́. Bí garawa. Bí bàtà.

Ó jókòó sílẹ̀ nínú ẹfun, kò mọ̀ bóyá kóun sunkún ni tàbí kóun rẹ́rìn-ín, àwọn méjèèjì sì ń bọ̀.

Nọ́ọ̀sì wọlé pẹ̀lú omi. "Màámi! Ẹ ṣubú? Ta ló da ẹfun sílẹ̀ báyìí?"

"Èmi ni. Ta ló to okùn yìí?"

Nọ́ọ̀sì gbé omi sílẹ̀. "Èmi ni. Àràárọ̀ ni mò ń bá a nílẹ̀. Mo rò pé ẹ̀yin lẹ ń já a sílẹ̀ láìmọ̀. Mi ò fẹ́ kójú tì yín, ni mo ṣe ń tò ó padà láìsọ̀rọ̀. Kí ló burú níbẹ̀? Okùn lásán ni."

"Kì í ṣe okùn lásán. Ìwọ̀n àwọn èèyàn mi ni."

"Ìwọ̀n wọn ti wà nínú ìwé yín."

Ìyá Àwárí wo ọmọ rẹ̀. Ó mọ̀ pé bí òun bá dákẹ́ níbí, ọ̀la ni mọ́tò yóò dé, òun yóò sì wọ inú rẹ̀ pẹ̀lú iyì akọ̀wé tí orí rẹ̀ dàrú. Bí òun bá sọ̀rọ̀, òun yóò dúró nílé òun pẹ̀lú orí pípé, láìsí ìwé. Baálé wá jókòó tì í nínú ẹfun.

"Lọ ṣí i," ló wí.

Nọ́ọ̀sì ṣí ìwé náà. Ó ṣí ojú ìwé kan, ó ṣí òmíràn. Ó dorí rẹ̀ kodò, ó tún dá a padà. Ìlà wíwọ́, òbìrìkìtì, ìkọ́, ojú ológbò níhìn-ín, ìrù ológbò lọ́hùn-ún.

"Màámi, èdè wo nìyí?"

"Kì í ṣe èdè kankan. Mi ò mọ̀wé, ọmọ mi. Mi ò mọ̀ ọ́n rí."

Nọ́ọ̀sì pa ìwé náà dé, ó gbé e padà sórí tábìlì.

"Ìwé iṣẹ́ mi tí ẹ máa ń yẹ̀ wò ńkọ́? Tí ẹ máa ń ní kí n tún ojú ìwé kejì wò?"

"Ojú ìwé kejì kì í ṣaláìní àṣìṣe. Ó ti máa ń rẹ ọmọdé kó tó débẹ̀."

Ojú nọ́ọ̀sì ṣàdédé là.

"Ta ló wá ń ka lẹ́tà mi?"

"Tíṣà ni."

"Gbogbo rẹ̀?"

"Gbogbo rẹ̀."

"Èyí tí mo kọ nígbà tí èmi àti ọkọ mi ń jà?"

"Ó ní kó o ní sùúrù, ṣùgbọ́n kó o má jẹ́ kí ọkọ rẹ rí ibi tó o fi owó sí. Ìmọ̀ràn tirẹ̀ ni mo fi ránṣẹ́ sí ọ."

Nọ́ọ̀sì fi ọwọ́ méjèèjì bojú. "Ìmọ̀ràn yẹn mà dára o, Màámi."

"Mo sọ fún un bẹ́ẹ̀."

Ìgbà tí ẹ̀rín wá bọ́ lẹ́nu nọ́ọ̀sì, òun náà jókòó sínú ẹfun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀. Ó fi orí lé e léjìká. Ó ń sọ pé, "Ẹ dárí jì mí, ẹ dárí jì mí," ló bá dákẹ́ lójijì. Ó nawọ́ sí fèrèsé. Ológbò dúdú kan dúró níbẹ̀, ó ń gbóòórùn. Nọ́ọ̀sì wo ẹ̀gbẹ́ ìyá rẹ̀, Baálé jókòó síbẹ̀ jẹ́jẹ́.

"Màámi... mẹ́rin ni wọ́n."

"Kà á dáadáa," ni Ìyá Àwárí wí. "Má kánjú. Ó lè jẹ́ pé ìwọ lorí rẹ ń lọ."

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, Awakọ̀ gbé mọ́tò dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ẹ̀wù tí wọ́n fi aṣọ Tíṣà rán ló wọ̀, ó sì ti búra pé òun kò bọ́ ọ mọ́, pé òun yóò ra aṣọ mìíràn fún Tíṣà. Ó wọlé wá kó ẹrù, kò bá ẹrù kankan bí kò ṣe àpò nọ́ọ̀sì.

"Ẹrù dà?"

"Ẹrù kò lọ mọ́," ni Ẹlẹ́ja dá a lóhùn, ó jókòó sórí páálí òfìfo, ẹ̀wù tuntun rẹ̀ dúró lára rẹ̀ régé. "Jókòó ná."

"Èmi kì í jókòó."

Àárọ̀ yẹn ni ìyá àti ọmọ ti wá ẹni tó ni okùn kọ̀ọ̀kan rí. Wọ́n pe àwọn oníbàárà lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n na okùn sí wọn lára. Nọ́ọ̀sì wá gé àgékù aṣọ oníbàárà kọ̀ọ̀kan kéékèèké, ó rán ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́ orí okùn, pé bí ológbò bá já a tàbí bí ọmọ bá tò ó, aṣọ onítọ̀hún yóò sọ ẹni tó ni ín. Ó dára lójú Ìyá Àwárí. Ó ní ìwé tí òun lè kà nìyẹn.

Kí nọ́ọ̀sì tó jáde, ìyá rẹ̀ ní kó dúró. Ó na okùn tuntun sí i lára, ó ta kókó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó gé e. Láìmọ̀, nọ́ọ̀sì gba okùn náà, ó ń wá ibi tí gígùn rẹ̀ yóò bọ́ sí láàárín àwọn yòókù. Ìyá rẹ̀ gbá a lọ́wọ́.

"Tìrẹ kò sí lára ìlà yẹn." Ó kan ìṣó kan sára ògiri lókè ẹ̀rọ ìránṣọ, níbi tí ọwọ́ rẹ̀ ti lè tó o láìdìde.

Oṣù kan lẹ́yìn náà, Tíṣà mú lẹ́tà nọ́ọ̀sì wá. Ó ya á, ó wo inú rẹ̀, ó gbọ̀n ọ́n. Okùn kan ló jábọ́. Kò sí ìwé níbẹ̀ rárá. Tíṣà yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún, ó gbé awò ojú rẹ̀ sókè, ó sọ ọ́ kalẹ̀.

"Ìyá wa, èyí kò ṣeé kà o."

Ìyá Àwárí gbà á. Ó fi ìka tọ kókó lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó já okùn orí ìṣó rẹ̀, ó na méjèèjì pọ̀. Èjìká kò yí padà. Apá kò yí padà. Ní ìbàdí, ti tuntun fi ìka kan ju ti àtijọ́ lọ.

"Ó ń jẹun dáadáa," ló wí, ojú rẹ̀ ń dán. "Ó tún fẹ́ aṣọ tuntun."

Tíṣà mi orí. Kò yé e. Lórí tábìlì, Baálé na ẹsẹ̀ mú okùn náà. Àbí ológbò kẹrin ni? Ìyá Àwárí tẹ̀ síwájú kó ka ìka ẹsẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti ká ẹsẹ̀ sábẹ́ ikùn.